Buhari Ti Lọ, Gbèsè Rẹ̀ Ṣì Wà Nílẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Keje, 2025, ni ìròyìn dé pé Muhammadu Buhari ti jáde láyé. Ilé ìwòsàn kan ní London ló dákẹ́ sí, lẹ́ni ọdún 82. Ààrẹ Bola Tinubu ní kí wọ́n sọ asíá kalẹ̀ dé ìdajì òpó jákèjádò Nàìjíríà, ó kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ méje, ó sì rán igbákejì rẹ̀, Kashim Shettima, lọ sí London láti bá òkú wálé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù náà, ni wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ ní Daura, ìjọba sì fi ọjọ́ yẹn ṣe ọlidé.

Ní Abúlé Adó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Badagry, ọlidé yẹn kò rí bákan náà lójú gbogbo èèyàn. Àdúgbò tí Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti Haúsá jọ ń gbé ni. Ọjà Trade Fair wà nítòsí, Festac wà lápá kejì. Àwọn kan dárò Buhari tọkàntọkàn. Àwọn kan dákẹ́. Àwọn kan yọ̀, wọn ò sì fi pamọ́. Lórí fóònù, ẹnìkan á gbàdúrà Aljannah fún un, ẹlòmíràn á gbé àwòrán asíá Nàìjíríà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára, irú èyí tó gba ayé kan ní oṣù Kẹwàá 2020 lẹ́yìn tí sójà yìnbọn sí àwọn olùwọ́de EndSARS ní Lekki, sí abẹ́ àdúrà yẹn. Nígbà tí ariwo pọ̀ tán, àwọn àgbà dá sí i pẹ̀lú gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀: a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa.

Gbólóhùn yẹn bójú mu nílé òkú. Lórí ọ̀rọ̀ ìlú, ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ aláìṣẹ̀ lẹ́nu ni. Yorùbá tó ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, kò pa á láṣẹ pé kí a máa sọ olóòótọ́ àti alágàbàgebè di ère kan náà. Ó ń ṣàkíyèsí àléébù kan tó ti mọ́ wa lára.

Ẹni tó bá ti bá wọn sin òkú Mùsùlùmí rí nílẹ̀ Yorùbá mọ bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n á ti wẹ òkú, wọ́n á ti fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á gbé e síwájú èrò. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, ààfáà tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á kọjú sáwọn tó péjọ, á ní: ẹni tí bàbá wa bá jẹ lówó, kó jáde sọ, bí kò bá lè sọ ọ́ níbí, kó wá bá wa nílé, ẹni tí bàbá wa bá sì ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Ìgbà mìíràn, ẹnìkan á nawọ́, á ní àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá lòun kó fún un láìgbowó. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bínú sí i pé ó tàbùkù òkú, torí nítorí òkú gan-an ni wọ́n ṣe béèrè, kí ọrùn rẹ̀ lè fúyẹ́.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ owó sìmẹ́ǹtì, kí ló dé tí yóò fi yàtọ̀ fún ẹni tó ṣe olórí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀mejì, tó lo ogún oṣù pẹ̀lú ìbọn àti ọdún mẹ́jọ pẹ̀lú ìbò? Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lórí ikú Buhari, yálà wọ́n fọ̀wọ̀ sọ ọ́ tàbí wọ́n fìbínú sọ ọ́, ìwé gbèsè ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a gbọ́ ọ.

Àwọn tó ti dàgbà ní Festac ní 1984 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn Buhari fún wọn. Wọ́n rántí WAI, War Against Indiscipline: ìlà ní ibùdókọ̀, sójà pẹ̀lú kòbókò, òṣìṣẹ́ ìjọba tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ṣì máa ń sọ pé ìgbà yẹn nìkan ni ará Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń tò. Wọ́n sì rántí Decree 4, tó sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n. Wọ́n rántí Decree 20, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní oṣù Kẹrin 1985 lórí oògùn olóró, bẹ́ẹ̀ òfin tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn di ikú kò tíì sí lọ́jọ́ tí wọ́n dá a.

Oníṣòwò Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair ní tirẹ̀ tó ń rántí. Nígbà tí Buhari gbàjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, ilé kan ni wọ́n fi Ààrẹ Shehu Shagari sí tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, àmọ́ Alex Ekwueme, igbákejì rẹ̀, Kirikiri ni wọ́n kó o lọ, tí kò jìnnà sí Mile 2. Ọ̀gá wà nílé, igbákejì wà lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pé ogójì ọdún, síbẹ̀ kò tíì di ìtàn lẹ́nu àwọn tó dùn. Ìgbà tí Buhari wá fi ìjà ogun abẹ́lé halẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìlà Oòrùn lórí Twitter ní oṣù Kẹfà 2021, tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, tí ìjọba rẹ̀ sì ti Twitter pa títí di oṣù Kìíní 2022, egbò tí kò jinná ló tún gba ẹ̀ṣẹ́.

Kí àwa Yorùbá má rò pé ọ̀rọ̀ Haúsá àti Ìgbò nìkan ni. Lọ́jọ́ kan náà tí Buhari kú ni Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, wàjà lẹ́ni ọdún 91, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Nígbà Olóyè Bisi Onabanjo, gómìnà Ògùn, ọ̀rọ̀ ọba yìí àti ìjọba ti dé bèbè ìrọnilóyè kí àwọn sójà tó dé. Sójà dé, Onabanjo kúrò, ọba jókòó pa sórí àga rẹ̀. Onabanjo ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú bíi ti ọba náà ni, òǹkọ̀wé ìròyìn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ayékòótọ́. Ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ológun rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 22. Bola Ige, gómìnà Ọ̀yọ́, gba ọdún 21. Adekunle Ajasin, gómìnà Oǹdó, tí ìgbìmọ̀ ẹjọ́ dá láre, ni wọn ò tún fi sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Nínú ìlú kan ṣoṣo, ìdílé kan lè rí ìdúpẹ́ nínú ìgbà Buhari kí ìdílé kejì rí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ta ni yóò sọ fún èwo nínú wọn pé kó dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ló kan Amuwo-Odofin gbọ̀ngbọ̀n. Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 dé 1983, ti bọwọ́ ìwé Metroline, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí ì bá ti máa gbé èrò Èkó láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ní 1985, ìjọba Buhari fagi lé e. Owó tó bá a lọ lápò ará Èkó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, láìrí ọkọ̀, láìrí irin. Ọdún 38 lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 24 oṣù Kìíní 2023, Buhari yìí kan náà wá sí Marina gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ alágbádá, ó ṣí Blue Line tí ìjọba Èkó ṣe láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ó sì wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú Gómìnà Babajide Sanwo-Olu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Nígbà tí Buhari fi máa kú, ìpele kejì, tó ń bọ̀ wá sí Okokomaiko, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Abúlé Adó. Dánfó ni wọ́n ṣì ń wọ̀ dé Mile 2 kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí ní Festac lọ́dún tí wọ́n fagi lé Metroline ti lé ní ọdún 35 kó tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2. Ó ti fi ìgbà ilé-ìwé, ìgbà wíwáṣẹ́ àti ìgbà ìgbéyàwó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn tó kọ ìwé ìdárò ní 2025 dárúkọ Blue Line nínú iṣẹ́ rere tó ṣojú Buhari. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá fi 2023 sí i tó yọ 1985 kúrò ti ṣe màgòmágó sí ìwé gbèsè.

Ẹnubodè ńkọ́? Títì tó gba iwájú Abúlé Adó kọjá, Sẹ̀mẹ̀ ló ń lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n ti ẹnubodè pa, ó sì di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà. Ìjọba ní àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ni àwọn ń gbè, kí ìrẹsì òkèèrè má pa ti wa. Àwọn àgbẹ̀ kan jẹ èrè rẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin tó ń ti Kútọnu kó ọjà wá sí ẹ̀gbẹ́ títì yìí, tí kò ní oko ìrẹsì ní Kebbi, òun ló fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ san án. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí i gbà, tí oní-POS ń gé owó ńlá lórí owó kékeré, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ. Kò sí ọmọ ẹ̀yà kankan tí ìyẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ ikú kan wà tí Abúlé Adó kò jiyàn lé lórí. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, 15 oṣù Kẹta, 2020. Iná bú gbàmù ní Soba, lábẹ́ Abúlé Adó. Ilé tó wó lé ní 50, ẹ̀mí tó lọ lé ní 20. Ní Bethlehem Girls' College, Sister Henrietta Alokha, obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń bójú tó ilé-ìwé náà, ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde nínú èéfín. Ó gba àwọn ọmọ là, òun fúnra rẹ̀ kò jáde. Mùsùlùmí sunkún rẹ̀, Krìstẹ́nì sunkún rẹ̀, Yorùbá àti Ìgbò sunkún rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni pé kó má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa.

NNPC ṣàlàyé pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn agolo gáàsì tí wọ́n tò jọ nítòsí ọ̀pá epo. Sanwo-Olu dá àpò ìrànwọ́ bílíọ̀nù méjì náírà sílẹ̀, ìjọba Èkó sì fi mílíọ̀nù 250 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tó kù lẹ́nu àwọn ará Soba rọrùn: ta ló wà lójúfò nígbà tí ilé iṣẹ́ gáàsì àti ilé gbígbé sún mọ́ ọ̀pá epo tó bẹ́ẹ̀? NNPC wà lábẹ́ Mínísítà fún epo rọ̀bì. Mínísítà fún epo rọ̀bì láti 2015, Buhari fúnra rẹ̀ ni. Ó fi ipò yẹn pa mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fi mínísítà kékeré sábẹ́. Ọjọ́ 15 lẹ́yìn iná náà, kónílé-ó-gbélé Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nípa àṣẹ rẹ̀, ariwo Soba sì wọlẹ̀ sínú ariwo Kòrónà. Nígbà tí ọmọ Abúlé Adó kan bá wá rántí Soba lọ́jọ́ tí Buhari kú, kí a má pè é ní abínú-ẹni. Ó ń nawọ́ níwájú òkú ni.

Ohun tó san náà wà, ó sì yẹ kí a kà á síta pẹ̀lú ohùn kan náà. Ìjọba ológun àti ti alágbádá ló fojú fo 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ ìbò 1993, kí Buhari tó sọ ọ́ di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa ní 2018, tó fún MKO Abiola ní oyè GCFR, tó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ lórúkọ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ Yorùbá kan kò ṣe é nígbà tó wà ní Aso Rock, ọmọ Daura ló ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ń rìn. Afárá Niger kejì dúró. Àwọn ìyálọ́jà kan ṣì ń dúpẹ́ TraderMoni, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí wọ́n yá wọn láìsí onídùúró. Ẹni tó bá sunkún rẹ̀ nítorí èyí kò ya òpònú.

Àwọn tó yọ̀ ńkọ́? Èkó mọ ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 8 oṣù Kẹfà 1998, nígbà tí Sani Abacha kú, àwọn èèyàn jó ní títì ní Èkó àti Ìbàdàn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin ín sí Kano. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Wọ́n ti pa Kudirat Abiola ní títì Èkó ní 1996, ọkọ rẹ̀ sì wà ní àhámọ́. Àmọ́ ijó yẹn kò ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́: 7 oṣù Keje, kò pé oṣù kan, Abiola kú síbẹ̀. Ohun tó mú nǹkan jáde lára Abacha ni ìwé ẹjọ́, agbẹjọ́rò, àti ọdún gbọọrọ ní Switzerland, Jersey àti Amẹ́ríkà. Ní 2020 nìkan, mílíọ̀nù 311 dọ́là padà wá, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ṣe márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, afárá Niger kejì àti ọ̀nà Àbújá sí Kano. Ìjọba Buhari ló gba owó náà, Buhari tó ti sọ ní 2008 pé Abacha kò jalè. Bí ará ìlú bá ti gbà ní 1998 pé òkú Abacha kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, ibo ni kọ́bọ̀ kan nínú owó yẹn ì bá ti wá?

Ayọ̀ lórí ikú ń tan ẹni tó dùn jẹ. Ó ń jẹ́ kó rò pé ẹjọ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ ikú tó pa Buhari lẹ́ni ọdún 82 lórí bẹ́ẹ̀dì ní London, tí kì í ṣe nílé ìwòsàn ilẹ̀ tó ṣe olórí rẹ̀, kò dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí èèyàn ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Buruji Kashamu kú ní oṣù Kẹjọ 2020, Olusegun Obasanjo kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí Gómìnà Dapo Abiodun, ó sì fi sínú rẹ̀ pé olóògbé lo òfin àti òṣèlú láti sá fún ìdájọ́, àmọ́ kò rí ikú sá fún. Ilẹ̀ Yorùbá gbóná. Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ló ti wà nínú ìwé ìròyìn tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tí a fi ń ki olófọ̀ ló gbé e gbà, ibẹ̀ ló sì ti ṣì í ṣe. Ọmọ òkú ní ẹ̀tọ́ sí ẹkún rẹ̀. Kí ẹni tó ní ẹjọ́ gbé e lọ sójú ọjà, sínú ìwé ìròyìn, síwájú adájọ́.

Ohun tó burú jù ní Abúlé Adó lọ́sẹ̀ ikú Buhari kò sí lára Buhari rárá. Òun ni èébú tó fò kúrò lórí òkú, tó lọ bà lé aládùúgbò lórí. Mọlà tó ń ta àlùbọ́sà ní ìkángun òpópónà kò ti ẹnubodè pa. Ẹni tó ń yan súyà ní alẹ́ kò yìnbọn ní Lekki. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́ kí a máa pe Ìgbò tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọ̀tá Nàìjíríà, pàápàá ní Amuwo-Odofin, níbi tí ìbò 2023 ti fi ọgbẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń pọn omi lẹ́nu kànga kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan ni à ń ṣírò. Kò kó ẹ̀yà rẹ̀ sábẹ́ ìwé náà.

Ìjọba ní tirẹ̀ kánjú. Ní 17 oṣù Keje, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú, wọ́n kéde pé Yunifásítì Maiduguri ti di Muhammadu Buhari University, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì fárígá. Èkó ti rí irú rẹ̀: ní 2012 tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kí UNILAG máa jẹ́ Moshood Abiola University, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dí títì, orúkọ náà kò sì mú ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abiola ni. Ẹ wo Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 15 oṣù Kìíní 1966 tí sójà pa á n'Ìbàdàn, lẹ́yìn rògbòdìyàn wẹ́tìẹ àti ilé jíjó, ọ̀pọ̀ èèyàn Ìwọ̀ Oòrùn yọ̀. Ọdún 25 kọjá kí yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba orúkọ rẹ̀ ní 1991. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti àwọn tó kórìíra rẹ̀ ti bá ara wọn jiyàn tó tẹ́rùn. Ó yẹ kí òfin wà pé ohun ìní ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ gba orúkọ olórí kankan kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ 2023, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó kúrò lórí oyè, Buhari fúnra rẹ̀ bẹ àwọn tí òun bá ti ṣẹ̀ pé kí wọ́n dárí ji òun. Ẹ̀bẹ̀ gidi ni, ó sì yẹ kí ẹni tó bá lè dáhùn dá a lóhùn. Àmọ́ Buhari kò ní kí a gbàgbé. Gbèsè owó tó jẹ aládùúgbò, àwọn ọmọ rẹ̀ á san án. Gbèsè Lekki, ti Soba, ti àwọn Ṣíà tó lé ní 340 tí wọ́n sin papọ̀ lẹ́yìn ìkọlù àwọn sójà ní Zaria ní oṣù Kejìlá 2015, ìjọba ni ajogún rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi ti fi àbọ̀ rẹ̀ lórí Lekki lé ìjọba Èkó lọ́wọ́ láti 15 oṣù Kọkànlá 2021. Lai Mohammed, mínísítà Buhari, ní àlọ́ ni. Kí àwọn tó jogún gbé e kúrò ní àlọ́. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní Abúlé Adó, níbi tó rọrùn jù: kí wọ́n lẹ gbogbo ìwé ìwádìí Soba mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kọ iye tó wọ àpò ìrànwọ́ àti ẹni tó gbà á, kí wọ́n sì wọn bí ilé tó kẹ́yìn ṣe jìnnà sí ọ̀pá epo lónìí.